Ohùn tí Ẹ̀gbọ́n ò pa rẹ́

Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, tó ku ọ̀la kí á dìbò sílé aṣòfin Skọ́tlándì, mo fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé Helensburgh, ní ẹkùn ìdìbò Dumbarton. Mo ní SNP, ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí Skọ́tlándì dá dúró, á gba àga 68. Mo ní Labour á gba ipò kejì lọ́wọ́ Conservative. Mo ní Greens á gba mẹ́jọ. Mo ní Alba, ẹgbẹ́ Alex Salmond, á rí mẹ́ta ó kéré tán, àti pé Jackie Baillie ti Labour ò ní padà wọlé ní Dumbarton, torí ìbò 109 péré ló fi ju SNP lọ ní 2016. Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni tí Ifá fọ̀ sí létí!

Kòrónà ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní kí oníkálukú mú pẹ́ńsùlù tirẹ̀ dání. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo ní, ṣùgbọ́n ọmọ Commonwealth lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò níbí. Ìwé méjì ni wọ́n fún mi: ọ̀kan àwọ̀ àlùkò tó ṣì, fún aṣojú ẹkùn; èkejì pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìbẹ́pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, fún ẹgbẹ́. Ìwé aláwọ̀ ìbẹ́pẹ yìí gan-an ló dójú tì mí.

Nígbà tó fi máa di alẹ́ Sátidé, SNP ní 64, Conservative 31, Labour 22, Greens 8, Liberal Democrats 4. Alba ò rí ẹyọ kan. Jackie Baillie fi ìbò 1,483 ju SNP lọ, ó wọlé. Greens nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n sì ní ẹni tó bá sọ òkò ogún lu igi ọsàn, ọ̀kan ò ní ṣàì bà á.

Àga 129 ló wà. 73 jẹ́ ti ẹkùn. 56 tó kù ni wọ́n ń fi ìwé kejì pín ní agbègbè mẹ́jọ. Ẹgbẹ́ tó bá ti mú ẹkùn mẹ́fà ní agbègbè kan, wọ́n á fi ọ̀kan kún un, méje ni wọ́n á fi pín ìbò ìwé kejì rẹ̀ kó tó bá àwọn yòókù dupò. Ẹni tó ti yó kì í tètè kan abọ́ kejì. Ní agbègbè gúúsù, SNP gba Ayr lọ́wọ́ Conservative, ó gba East Lothian lọ́wọ́ Labour, èmi ń pariwo nínú yàrá. Ẹkùn mẹ́rin di mẹ́fà! Àṣé mẹ́ta tí wọ́n ní nínú ìwé kejì ti di ẹyọ kan. Méje ní 2016, méje ní 2021. Jákèjádò Skọ́tlándì, ìbò ìwé kejì tí SNP rí lé ní mílíọ̀nù kan, àga méjì péré ló mú wá.

Ti Dumbarton ló dùn mí jù, torí ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́. Wọ́n ní, “Àbúrò, o ò gbé àdúgbò yìí. Àwọn Conservative òpópónà wa, Labour ni wọ́n fẹ́ dì fún, kí SNP má baà wọlé.” Mo ní àròsọ ni. Àwọn tó fẹ́ SNP ni mò ń kà. N ò ka àwọn tó fẹ́ fi ìbò dí i lọ́nà.

Isu kan àti pánla la fi ta tẹ́tẹ́. Èmi ni mo gbé isu Gánà wọ ọkọ̀ ojú irin láti Glasgow. Ohùn náà ṣì wà lórí fóònù wọn. Bí ìbò kan bá ti ń sún mọ́, wọ́n á kàn fi ránṣẹ́ sí mi, wọn ò ní kọ nǹkan kan mọ́ ọn.