Omi Ni Kí Ẹ Yẹ̀ Wò, Ẹ Má Lé Àkèré

Olùkọ́ tó bá kó ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ sí àbàtà, tó sọ fún wọn pé àkèré ni wọ́n ń wá lọ, ti ba iṣẹ́ ọjọ́ náà jẹ́ kí bọ́ọ̀sì tó gbéra. Àwọn ọmọ á sáré, wọ́n á pariwo, àkèré á dákẹ́, ìwé òfìfo ni wọn á gbé padà délé. Omi tí àkèré ń gbé, koríko etí rẹ̀, ẹja inú rẹ̀: àwọn ló yẹ kí wọ́n kọ sílẹ̀. Àbàtà tí ẹ ò ti rí àkèré kan ṣoṣo ṣì lè sọ ohun púpọ̀ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká mú Homebush ní ìlú Sydney, Ọsirélíà. Láti 1911 ni wọ́n ti ń wa ilẹ̀ níbẹ̀ fi ṣe bíríkì, títí di òpin àwọn ọdún 1980. Kòtò ńlá ló kù. Ní 1992 ni wọ́n rí Litoria aurea nínú omi tó dá sínú kòtò yẹn, àkèré aláwọ̀ ewé tó ní àbàwọ́n wúrà lẹ́yìn. Wọ́n ti ń gbèrò láti kọ́ pápá tẹ́níìsì Òlíńpíìkì 2000 síbẹ̀, àmọ́ nítorí àkèré, wọ́n gbé e lọ síbòmíràn. Afárá olóbìrìkítí tó gùn tó bí 550 mítà ló wà lókè kòtò náà báyìí, orí rẹ̀ ni àlejò ti ń wò ó. Wọn kì í jẹ́ kí èrò sọ̀kalẹ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ní Bicentennial Park tó wà nítòsí ni àwọn ọmọ ti lè fi àwọ̀n kó kòkòrò inú omi.

Bàtà ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Fọ́ńgáàsì chytrid, tó ń kó àrùn sí awọ àkèré, wà lára ohun tó pa àkèré yìí tán ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ibi tó ń gbé tẹ́lẹ̀. Inú omi àti ẹrẹ̀ ló ti ń rìn, bàtà tó ti odò kan dé sì lè gbé e wọ odò kejì. (Wọ́n ti rí i ní Nàìjíríà náà, nínú igbó Òkòmù ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ẹni tó ń kó ọmọ lọ sí àkùrọ̀ nílé, ọ̀rọ̀ yìí kàn án.) Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ẹrẹ̀ kúrò pátápátá, torí ẹrẹ̀ ń gba agbára bílíìṣì. Tí bílíìṣì yín bá jẹ́ ìdá 4 nínú 100, ẹ wọn 250 mílílítà, ẹ fi 750 mílílítà omi là á, ó di ìdá 1 nínú 100. Ẹ rẹ bàtà àti àwọ̀n sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn wọ́n, ẹ sá wọn sóòrùn. Kí wọ́n gbẹ délẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Bílíìṣì àná kò lágbára mọ́, ẹ po tuntun. Ẹ má sì da àṣẹ́kù rẹ̀ sétí adágún láé, torí á pa ohun tí ẹ wá dáàbò bò.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan omi, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kejì ni akọ Litoria aurea máa ń ké jù, pàápàá lẹ́yìn òjò, ohùn rẹ̀ sì dà bí ọ̀kadà tó ń pààrọ̀ jíà. Bí ẹ bá gbọ́ "tọ́k, tọ́k", òmíràn nìyẹn, Limnodynastes peronii. Kò sí omi ìdọ̀tí tí ò lè gbé, nítorí náà ẹ má fi ohùn rẹ̀ ṣẹ̀rí pé àbàtà náà dáa.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn omi kí àwọ̀n tó ru ẹrẹ̀ sókè, torí omi tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ á dọ̀tí lójú ẹ̀rọ ju bó ṣe rí lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta, kì í ṣe níbi tó rọrùn dé nìkan. Ẹ kọ aago tí ẹ wọn ọ́síjìn, nítorí ewédò máa ń tú u sínú omi lọ́sàn-án, iye ọ̀sán á sì ga ju ti òwúrọ̀ lọ fíìfíì. Iyọ̀ ni mo kà sí jù. Ìwádìí fi hàn pé iyọ̀ díẹ̀, bíi gíráàmù 2 sí 4 nínú lítà kan, ń dín chytrid kù lára àkèré yìí. Omi òkun ní bí 35. Bí ẹ̀rọ yín bá ka 3,000 µS/cm (ìwọ̀n bí omi ṣe ń gbé iná mànàmáná tó, èyí tó ń fi iye iyọ̀ hàn), ó tó bíi gíráàmù 2.

Ẹ wá ju àwọ̀n. Gambusia ni kí ẹ máa wò, ẹja kékeré tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà nítorí ẹ̀fọn ní 1925, tó ń jẹ ẹyin àti ọmọ àkèré onírù. Ó máa ń wà lójú omi, ẹnu rẹ̀ kọjú sókè. Ọmọ ló ń bí, kì í yé ẹyin, torí náà abo kan tó lóyún ti tó láti kún adágún. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fa àwọn adágún kan gbẹ pátápátá. Adágún tó ń gbẹ lọ́dọọdún, tí àwọn ọmọ á fẹ́ kọ "kò dáa" sí, lè jẹ́ èyí tó dáa jù. Bí ọmọ àkèré bá wọnú àwọ̀n, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀. Òfin ò gbà kí ẹ mú un láìní ìwé àṣẹ, ìpara oòrùn àti oògùn ẹ̀fọn ọwọ́ yín sì ń ṣe awọ rẹ̀ ní jàǹbá.

Ní ti koríko, ẹ wọn 1 mítà sí 1 mítà létí omi, kí ẹ kọ iye rẹ̀ tí ìféfé bò, iye tí omi ń hàn, àti iye tí oòrùn ń dé. Àkèré yìí ń yá oòrùn lọ́sàn-án. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá gbin igi ńlá yí adágún ká ti ṣíji bò ó, inú rere náà sì ti di ìpalára. Ẹ wo òkúta àti koríko tó ṣù jọ tó lè sá sí, kí ẹ wo bí títì ṣe jìnnà tó.

Ohùn tí ẹ bá gbà sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí FrogID, áàpù Australian Museum láti 2017, kí àwọn onímọ̀ ibẹ̀ dárúkọ ẹni tó ké. Ẹ kọ ọjọ́ àti ìgbà tí òjò rọ̀ gbẹ̀yìn sórí gbogbo ìwé. Láìsí ìyẹn, a ò lè fi ìwé tọdún yìí wé tọdún tó ń bọ̀.