Iṣẹ́ amọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kò kà sí iṣẹ́

Ọjọ́bọ̀. Lónìí ni mo ka ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbàlejò àti ìrìn-àjò afẹ́ kọ nípa ibi tí wọ́n fẹ́ ti kọ́ṣẹ́. Òtẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ wọn kọ, kò sì sí ẹni tí ó kọ iṣẹ́ amọ̀nà, ìyẹn ẹni tí ń mú àlejò káàkiri, tí ó sì ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí fún wọn. Ó dùn mí, nítorí mo gbà pé kò sí iṣẹ́ mìíràn nínú ẹ̀kọ́ yìí tí ó ń béèrè ìmọ̀ tó o.

Ẹ wo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Àlejò lè fi fóònù rẹ̀ kà á pé 2005 ni àjọ UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé. Ṣùgbọ́n amọ̀nà tí ó mọṣẹ́ yóò dúró ní ìbòòji, yóò jẹ́ kí àwọn àlejò kọ́kọ́ wo àwọn ère tí ó wà nínú igbó náà dáadáa, kí ó tó sọ fún wọn pé Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, kò dá àwọn ère náà ṣe. Adébísí Àkànjí fi sìmẹ́ǹtì mọ ère, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí gbẹ́ òkúta, Kàsálí Àkàngbé sì gbẹ́ igi. Amọ̀nà tí ó bá dárúkọ Àdùnní nìkan ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe é, irọ́ náà yóò sì bá àlejò dé ilé rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ amọ̀nà ti le jù ni etí odò Ọ̀ṣun tí ó gba inú igbó náà kọjá. Àlejò yóò béèrè ìdí tí omi fi pọ́n bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa lè dáhùn láìfi ọ̀rọ̀ bò pé àwọn tí ń wa wúrà lápá òkè odò ni ó ń da ẹrẹ̀ sínú rẹ̀, àti pé ìjọba ti kìlọ̀ pé kí a má mu ún. Kí ó sì lè sọ ọ́ lójú ìyá olórìṣà tí ń bu omi náà pẹ̀lú ìgbàgbọ́, láìtàbùkù rẹ̀. Ìwà àti ìmọ̀ ni ó ń ṣe irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. (Kí ó tọrọ àyè kí ẹnikẹ́ni tó ya ìyá náà ní fọ́tò pẹ̀lú.)

Àwọn tí ń bọ Ọ̀ṣun ní Brazil àti Cuba náà ń wá sí ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ èdè Potogí tàbí Sípéènì, tí ó sì lè ki oríkì Ọ̀ṣun, kò ní wáṣẹ́ tì bọ̀rọ̀.

Owó iṣẹ́ amọ̀nà kì í wọlé déédéé: èrò máa ń pọ̀ nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, lẹ́yìn náà ọjà a dá. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ ìgbàlejò fi wúlò fún amọ̀nà, nítorí ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń ṣètò ọkọ̀, oúnjẹ àti ibùsùn lè so Òṣogbo pọ̀ mọ́ omi tí ń já láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti òkè Ìdànrè, kí ó sì ta ìrìn-àjò odidi fún ẹgbẹ́ tàbí ilé-ìwé.

Lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, màá ní kí olúkúlùkù wọn yan ère kan, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì láìwo ìwé, kí wọ́n sì bi í ní ìbéèrè tí ó bá wù wọ́n.