Yàrà ni orúkọ rẹ̀

Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti ń lọ gbọ́ àsọyé káàkiri agbègbè wa, ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin níbi tí mò ń gbé, ní Àjàṣẹ́ tí Faransé ń pè ní Porto-Novo, àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà tí owó ọkọ̀ bá wà lọ́wọ́. Ìbáà jẹ́ lórí ìtàn, lórí iṣẹ́ ọnà tàbí lórí igi àti ẹranko, bí ẹni tó mọ nǹkan bá ti fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba, èmi á fẹ́ gbọ́. Èyí tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ lónìí wáyé ní Kétu níbí ní oṣù tó kọjá, lórí Àkàbà Ìdènà, ẹnu odi ìlú wa àtijọ́, nítorí ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Abẹ́ igi máńgòrò kan ni wọ́n to ìjókòó sí. Wọ́n gbé pátákó ìkọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ wá síwájú, nítorí kò sí iná tí ẹ̀rọ àwòrán ì bá lò lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá bá wa sọ̀rọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn jinlẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Nàgó, èdè Yorùbá tiwa níbí; Faransé ló fi ń sọ̀rọ̀, olùkọ́ obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ìlú wa sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ṣàlàyé bí odi ṣe yí Kétu ká láyé àtijọ́, àti bí Àkàbà Ìdènà ṣe ní ilẹ̀kùn méjì tó tẹ̀lé ara wọn, tí àyè wà láàárín wọn, tó fi jẹ́ pé àlejò tó bá kọjá ti àkọ́kọ́ ṣì wà lójú àwọn oníbodè kó tó dé èkejì. Ó fi ẹfun ya odi náà sí apá ọ̀tún pátákó. Lẹ́yìn náà ó ya nǹkan mìíràn sí apá òsì, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Faransé. Olùkọ́ wa dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Kòtò ni. Kòtò gígùn kan tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká.”

Bàbá àgbà kan wà níwájú tó ti gbé ọ̀pá rẹ̀ lé orúnkún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó nawọ́ sókè.

“Ọmọ mi, kì í ṣe kòtò. Yàrà ni. Yàrà ni orúkọ rẹ̀. Èèpẹ̀ tí wọ́n bá wà jáde nínú yàrà, òun náà ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ pò, tí wọ́n fi ń mọ odi. Bí yàrà bá ṣe ń jìn sí i ni odi ń ga sí i.”

Olùkọ́ náà kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá,” ó sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún àlejò wa. Ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni mò ń wò. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu pátákó, ó tún àwòrán yà, lọ́tẹ̀ yìí ó ya yàrà mọ́ ẹsẹ̀ odi gan-an, ó sì fa ìlà kan láti ìsàlẹ̀ yàrà lọ sí orí odi. Títí ìpàdé fi tú ni ọwọ́ rẹ̀ funfun.

Láti ìgbà náà ni ìjókòó ti yí padà. Ó sọ̀rọ̀ dé ọdún 1886, nígbà tí ogun Dàhòmì wọ Kétu, tí wọ́n sun ìlú níná, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wa lọ. Ó sọ pé ẹ̀yìn ìgbà tí Faransé gba Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhòmì, ní 1892 ni àwọn tó kù tó rọ́nà padà wálé. Ó sọ̀rọ̀ ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889, èyí tó fi Kétu sí apá kan tó sì fi Ìmẹ̀kọ sí apá kejì. Ìyá àgbà kan bi í pé, “Àwọn tí wọ́n tà sókè òkun ńkọ́?” Ó dáhùn pé àwọn tí wọ́n ti tà ṣáájú ogun náà, nígbà tí òwò ẹrú ṣì ń lọ lórí òkun, ló gbé orúkọ Kétu dé Bahia ní Bùràsíìlì, níbi tí àwọn ilé òrìṣà kan ti ń pe ara wọn ní ọmọ orílẹ̀-èdè Kétu títí di òní. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá náà, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì mú ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà.

Mo ka irú ìjókòó yìí sí ohun ìṣẹ̀dálẹ̀ ìlú wa. Ní Kétu, oyè kan wà tí a ń pè ní Baba Ẹlẹ́gùn. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ni yóò mọ ìtàn àwọn ọba lórí, tí yóò sì kà á síta nígbà tí Alákétu tuntun bá gorí ìtẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni òru ẹ̀fẹ̀ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó wà lára ogún gbogbo ayé: ìlú á péjọ ní gbangba ọjà, á gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo ènìyàn, á sì gbọ́ ọ ní èdè tó yé e dé ìsàlẹ̀.

Ìdí nìyí tí ti Àjàṣẹ́ fi ń dùn mí títí di ìsinsìnyí. Àsọyé lórí igi ìrókò ni, ó sì dára púpọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ìrókò ní akọ ó sì ní abo, pé abo nìkan ló ń so èso, àti pé àdán ló ń jẹ èso náà lóru tí ó ń gbé hóró rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, débi pé ẹni tó bá pa àdán tán kò ní pẹ́ ṣàfẹ́kù ìrókò tuntun. Faransé pọ́ńbélé ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀, kò sí ògbufọ̀. Ìyá ẹlẹ́wé-ọmọ kan jókòó lẹ́yìn mi pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ẹni tó ti ń ṣa èèpo ìrókò láti kékeré. Ó fara balẹ̀ dé ìdajì, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ. Mo dìde tẹ̀lé e, mo bá a lójú títì, mo sì fi Nàgó tún ọ̀rọ̀ àdán náà sọ fún un. Ó ní, “Àbájọ! Ìdí ìrókò tí àdán ń sùn sí nílé bàbá mi, a kì í gbá hóró ibẹ̀ tán.” Inú gbọ̀ngàn náà ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè gbọ́ ọ.

Ní ìparí oṣù yìí, a óò lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí wọn yóò ti sọ̀rọ̀ lórí àwọn òkè ńláńlá tó yí ìlú náà ká, tí àwọn ènìyàn sá sí nígbà ogun: bí òkúta wọn ṣe jẹ́ ohun gbígbóná tó tutù díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀, tí òjò àti ọdún àìmọye sì gbá ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ. Olùkọ́ wa ni yóò tún túmọ̀. Lánàá mo bá a nílé bàbá àgbà tó gbé ọ̀pá lé orúnkún yẹn, olùkọ́ náà jókòó sórí àpótí pẹ̀lú ìwé kékeré kan lórí itan. Ó ti kọ òkúta akọ sílẹ̀, ó ti kọ àpáta, ó sì ń bi bàbá léèrè ohun tí à ń pè é bí ara àpáta bá ń bó ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà. Bàbá ní kí ó padà wá lọ́la, òun yóò bi ẹ̀gbọ́n òun.