Ẹ Lu Ilẹ̀ Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó: Ohun Tí Ọkọ̀ Ojú Omi Àlòkù Kọ́ Mi

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi lórí fóònù pé èmi àti ìyàwó mi fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi, pé àwa àtàwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa gbé inú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ilẹ̀ ti tán ní Amẹ́ríkà ni?" Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n wà, létí ọ̀sà, níbi tí bàbá wọn ti fi ẹja pípa tọ́ wọn dàgbà. Ẹni tó mọ omi ni ẹ̀rù omi máa ń bà. Èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n ni mo ń yọ̀.

Maryland la ń gbé, kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lọ tá a bá wọ mọ́tò láti ilé wa dé Annapolis, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti pọ̀ bí kẹ̀kẹ́ Márúwá ṣe pọ̀ ní Àgége. Ohun tá a ní lọ́kàn ni pé ká gba ojú omi Chesapeake sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Norfolk, ká wá bọ́ sí ọ̀nà omi tó gba inú ilẹ̀ lọ sí Florida, èyí tí wọ́n ń pè ní Intracoastal Waterway. Láti Norfolk dé Miami, nǹkan bí máìlì 1,090 ni. Àlòkù la fẹ́ rà, torí nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, èmi sì ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ta ló fẹ́ fún wa lówó tá a máa fi ra tuntun? Nílé, mọ́tò àlòkù là ń pè ní tòkunbọ̀. Èyí tí mò ń sọ yìí, òkun gan-an ló ti ń bọ̀ láti nǹkan bí 40 ọdún, iyọ̀ sì ti jẹ lára rẹ̀.

Èyí tá a kọ́kọ́ lọ wò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ kí n tó wọ inú rẹ̀. Àga aláwọ funfun, tẹlifíṣọ̀n ràgàjì, fíríìjì méjì. Àwọn ọmọ ti ń jà lórí ẹni tó máa ni yàrá iwájú. Alágbàtà tó ń bá wọn tà á ní ká tètè pinnu o, ẹlòmíràn ń bọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án. (Ẹlòmíràn yẹn máa ń bọ̀ lọ́sàn-án ṣáá. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ ní Lẹ́kkí náà mọ̀ ọ́n.) Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù méjì ló wà nínú rẹ̀. Mo bi í pé mélòó ni wọ́n ń mu, ó ní ó dọwọ́ bí mo bá ṣe wà á. Nígbà tí mo wá a fúnra mi, nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 30 ní wákàtí kan ni, tó bá ń sá eré tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Mo jókòó sínú mọ́tò, mo ṣírò rẹ̀ dé Miami: ó lé ní gálọ́ọ̀nù 1,600. Ọkọ̀ dísẹ̀lì tó ń rọra lọ ní máìlì 8 ní wákàtí kan, tó ń mu gálọ́ọ̀nù 4, kò ní mu tó 600 lójú ọ̀nà kan náà.

Ti owó tiẹ̀ kéré. Oru tó ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń rọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kéèyàn tan fáànù tó ń fà á jáde fún ìṣẹ́jú 4, ó kéré tán, kó tó ṣáná sí ẹ́ńjìnì, kó má bàa bú gbàù. Mo mọ ara mi. Ọjọ́ kan á wà tí màá gbàgbé. Ọkọ̀ tí ọmọ mẹ́ta ń sùn nínú rẹ̀, dísẹ̀lì ni, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ìkejì ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní trawler ni, ọkọ̀ tó ń rọra lọ téèyàn lè máa gbé inú rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 36, Taiwan ni wọ́n ti kàn án lọ́dún 1981. Ẹ́ńjìnì Ford Lehman 120 méjì ló wà níbẹ̀. Ford ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe ẹ́ńjìnì ọ̀hún fún ọkọ̀ akẹ́rù, ilé iṣẹ́ Lehman ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di ti ojú omi. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀. Ohun tó bá bàjẹ́, ojú á rí i. Ilẹ̀ ìta ọkọ̀ náà, igi teak ni wọ́n tẹ́ lé e, ó ń dán bí orí pípá.

Mo háyà ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Sọ̀fíyọ̀ ni wọ́n ń pè é, àmọ́ kì í ṣe èyí tó ń wọnlẹ̀ o. Bàbá òyìnbó àgbàlagbà kan ni. Ó kúnlẹ̀ sórí teak yẹn, ó mú òòlù kékeré olórí ike jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀. Kó, kó, kó. Ó sún síwájú. Kó, kó. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé iwájú: bọ̀. Ó dúró. Ó padà sẹ́yìn díẹ̀: kó. Ó tún bọ́ síwájú: bọ̀, bọ̀. Kò wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó kàn fa ṣọ́ọ̀kì yí ibẹ̀ ká ni. Kó tó ṣe tán, ilẹ̀ ọkọ̀ yẹn ti dà bí máàpù Nàìjíríà, tòun ti gbogbo ìpínlẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ ìró yẹn fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni màmá mi ṣe máa ń fìka kan iṣu lọ́jà kí wọ́n tó dá owó lé e.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rèé. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún súkúrù ni wọ́n fi kan teak mọ́ fáíbà, ihò sì ni súkúrù kọ̀ọ̀kan. Fáíbà wà lókè, fáíbà wà nísàlẹ̀, pákó ló wà láàárín wọn bí àkàrà ṣe ń wà láàárín búrẹ́dì. Bó bá pẹ́, gọ́ọ̀mù tó dí ihò á gbó, òjò á máa wọlé ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, pákó á máa jẹrà sínú òkùnkùn. Ẹ lè máa jó lórí rẹ̀ fọ́dún márùn-ún kẹ́ ẹ má mọ̀.

Dọ́là 25 fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan ni mo san fún bàbá yẹn, ìyẹn dọ́là 900, owó ẹ̀rọ tó gbé ọkọ̀ jáde lómi sì wà lọ́tọ̀. Ó dùn mí dọ́kàn. Alágbàtà ní ká fi èsì yẹn já owó rẹ̀ wálẹ̀, mo sì ti ń rò ó. Ìyàwó mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Dádì, owó tó lọ ti lọ. Ẹ ò gbọdọ̀ tìtorí owó àyẹ̀wò ra wàhálà." A lọ sílé. Wọ́n dá àsansílẹ̀ wa padà, torí ó wà nínú ìwé àdéhùn pé bí àyẹ̀wò ò bá tẹ́ wa lọ́rùn, a ó gba owó wa. Ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ láìsí gbólóhùn yẹn nínú ìwé. Ẹ má sì jẹ́ kí alágbàtà bá yín wá ẹni tó máa yẹ ọkọ̀ wò. Ẹ fúnra yín wá a láàárín àwọn tó wà nínú SAMS tàbí NAMS, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi yíyẹ ọkọ̀ ojú omi wò ṣiṣẹ́. Àwọn oní-ìnṣọ́ránsì náà máa béèrè ìwé àyẹ̀wò yẹn fún ọkọ̀ tó ti dàgbà.

Oṣù October la rí ìkẹta, nígbà tí àwọn tó lọ́kọ̀ ti ń ro owó tí wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀ nígbà òtútù, tí ẹnu wọn sì ti rọ̀. Trawler náà ni, Lehman náà ni, àmọ́ kò sí teak lórí ilẹ̀ rẹ̀. Kí n tó kí ẹni tó ni ín dáadáa, mo ti fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì méjèèjì. Ó tutù. Bí ẹ bá débẹ̀ tó ti ń gbóná, wọ́n ti tan án dè yín nìyẹn, bẹ́ẹ̀ òtútù òwúrọ̀ ló máa ń tú àṣírí dísẹ̀lì tó lárùn. Ẹ wo èéfín rẹ̀. Funfun díẹ̀ tó bá tètè tán kò burú. Tí kò bá tán, epo ò jó dáadáa, tàbí kí omi ti wọ ibi tí kò yẹ. Tó bá ní àwọ̀ búlúù, òróró ẹ́ńjìnì ló ń jó. Dúdú, ẹrù ń wúwo jù fún un tàbí afẹ́fẹ́ ò tó o. Nígbà tá a gbé e lọ sójú omi, a tẹ̀ ẹ́ dópin, Lehman sì gbọ́dọ̀ lè yí tó ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan láìgbóná kọjá ààlà. A bu òróró rẹ̀ díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, bí wọ́n ṣe ń bu ẹ̀jẹ̀ èèyàn.

Ìyàwó mi ní àyẹ̀wò tiẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, bóyá á lè sùn lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Ó dúró nídìí sítóòfù, ó ń wá ibi tí ọwọ́ máa dì mú bí ọkọ̀ bá fì. Ó ka àwọn àtẹ̀gùn, ó ní ìyá mi ò ní lè gun àkàbà òkè yẹn láéláé, torí náà ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo ti ń wà á gbọ́dọ̀ ṣí sórí ibi ìgúnlẹ̀ tààrà. Lójú tèmi, àyẹ̀wò tiẹ̀ wúlò ju ti ẹ̀rọ tó ń wọn omi nínú fáíbà lọ. A ta nẹ́ẹ̀tì yí gbogbo irin ẹ̀gbẹ́ ká nítorí àbígbẹ̀yìn wa, a so ẹ̀rọ tó ń ké bí gáàsì carbon monoxide inú èéfín ẹ́ńjìnì bá wọlé mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, torí gáàsì burúkú yẹn kò lóòórùn. Òfin ìjọba àpapọ̀ sì ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ, àfi tó bá wà nínú yàrá.

A rà á. Ara wa balẹ̀. A kọjá Norfolk.

Albemarle Sound, ọ̀sà kan ní North Carolina, fẹ̀, àmọ́ kò jìn, bí atẹ́gùn bá sì ti fẹ́ síbẹ̀, ìgbì rẹ̀ máa ń kúrú, á ga, á máa tẹ̀ lé ara wọn bí ọmọ iléèwé tó ń sáré jáde. Ọkọ̀ ń fì sọ́tùn-ún fì sósì. Àwọn ọmọ ń bì, ìyàwó mi ń fún wọn ní ata ilẹ̀ jẹ. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ́ńjìnì ọ̀tún wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú. Ti òsì ló gbé wa dé èbúté, ẹni tó bá sọ fún mi lónìí pé ẹ́ńjìnì kan tó ìdílé, màá kàn wò ó ni. Nígbà tí mo tú àsẹ́ epo, ohun tó wà nínú rẹ̀ dà bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àgbo: dúdú, ó ki, ìpẹtà wà nínú rẹ̀. Ìgbì ti po ìsàlẹ̀ táǹkì pọ̀ ni.

Ní Belhaven, ọjọ́ kejì rẹ̀, òórùn dísẹ̀lì ló jí mi láàárọ̀. Mo ṣí ilẹ̀ ọkọ̀, epo ti ń léfòó lórí omi ìsàlẹ̀. Táǹkì ọ̀tún ti lu.

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ti sọ fún mi. Mo lọ wá ìwé àyẹ̀wò jáde, ó wà lójú ìwé 11, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé táǹkì onírin ni, pé ìhà ẹ̀yìn rẹ̀ ò ṣeé rí, kí ẹni tó bá fẹ́ rà á wá bí á ṣe rí i. Mo ti kà á. Mo ti fẹ́ràn ọkọ̀ náà nígbà yẹn, ojú mi kàn fò ó ni. Ihò tí wọ́n ń gbà da epo sí i wà lórí ilẹ̀ ìta, rọ́bà ìdérí rẹ̀ ti gbó, omi òjò ti ń kán sórí táǹkì láti ọdún tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Òkè ló ti ń jẹrà bọ̀ wálẹ̀. Ká ní mo ti so fóònù mọ́ ọ̀pá kan, kí n tan iná rẹ̀, kí n tì í bọ ẹ̀yìn táǹkì lábẹ́ ihò yẹn, kí n ya fídíò ìṣẹ́jú kan péré! Gbogbo ẹni tó bá bi mí ni mo ń sọ ọ́ fún: abẹ́ ihò epo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ tó wo kíṣìnì.

Táǹkì yẹn ò ṣeé gbé jáde lódindi, torí wọ́n ti kan ilé lé e lórí. Wọ́n gé e sí mẹ́rin, wọ́n gbé e gba ẹnu ọ̀nà jáde lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n fi kékeré méjì rọ́pò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wà lórí ilẹ̀, tí à ń fi àkàbà gun ilé ara wa, owó tí mo san sì lé ní ìlọ́po 10 ohun tí mo san fún àyẹ̀wò. Nígbà tí màmá mi gbọ́, wọ́n ní, "Ó dáa náà. Ilẹ̀ ò tíì tán nìyẹn."

Táǹkì ọ̀tún ti di tuntun báyìí. Ti òsì, ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n, ó ń dúró de owó. Láràárọ̀, kí n tó mu tíì, mo máa ń dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ kábìnì, kí n tan tọ́ọ̀ṣì sí i lábẹ́.