Ọjọ́ Tí Ìròyìn Dé Èbúté

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ ìtàn ogun, nígbà tí mò ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1865, lọ́jọ́ tí Ọ̀gágun Lee ti Gúúsù, ẹgbẹ́ tó fẹ́ ya kúrò lára Amẹ́ríkà, túúbá fún Àríwá, ẹgbẹ́ ìjọba àpapọ̀. Olùkọ́ mi fàlà sábẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ní èbúté wo?” Ìbéèrè yẹn ló sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́ gidi.

Ẹ wo Stonewall, ọkọ̀ onírin tí wọ́n kàn ní Faransé, tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Gúúsù. Ní oṣù kẹta ó wọ Lisbon, ọkọ̀ ogun Àríwá méjì sì tẹ̀ lé e. Àwọn Potogí tó ni èbúté náà, tí wọn kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú ogun náà, ní kí Stonewall máa lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lé e kò gbọdọ̀ jáde títí wákàtí 24 yóò fi pé. Niagara, ọ̀kan nínú wọn, ṣí kúrò níbi tó wà kí àkókò tó tó, ni odi Belém, tó ń ṣọ́ èbúté náà, bá yìnbọn sí i. Mo ti rò pé ẹni tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni ń káwọ́ gbera ni. Rárá o! Iṣẹ́ ńlá ni.

Ní oṣù karùn-ún, ọkọ̀ yìí kan náà gúnlẹ̀ sí Havana. Ìjọba tó rán an níṣẹ́ ti wó. Page, ọ̀gá ọkọ̀, kò rí owó san fún àwọn atukọ̀ rẹ̀. Gómìnà tí Sípéènì fi sí Kúbà fún un ní $16,000, ó sì gba ọkọ̀ náà. Nígbà tó yá, ìjọba Amẹ́ríkà san iye yẹn gan-an padà fún Sípéènì, Sípéènì sì fa ọkọ̀ náà lé wọn lọ́wọ́. Ọgbọ́n yìí wù mí púpọ̀: kò sẹ́ni tó yìnbọn, kò sẹ́ni tí ebi pa sójú omi.

Ti Shenandoah, ọkọ̀ ogun Gúúsù mìíràn, ló ń dùn mí. Ní ìparí oṣù kẹfà, ó ṣì ń dáná sun ọkọ̀ àwọn apẹja àbùùbùtán lókè àríwá Òkun Pàsífíìkì. Ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ni ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó pàdé sọ fún Waddell, ọ̀gá rẹ̀, pé ogun ti tán. Ó kó àwọn àgbá rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kò yà sí èbúté Amẹ́ríkà kankan, ó di Liverpool. Ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ló sọ àsíá Gúúsù kalẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì.

Látìgbà náà, ọjọ́ méjì ni mo ń kọ sílẹ̀ fún ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹni tọ́rọ̀ kàn gbọ́. Láàárín méjèèjì, ti Waddell fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́rin. Àárín yẹn ni mo ní kí ẹ máa kà.