RAM 1333 àti 1600 nínú OptiPlex kan: ibi tí iṣẹ́ dé

Sátidé. Kọ̀ǹpútà Dell OptiPlex 790 tí ẹ̀gbọ́n wa ní Kubwa gbé fún mi ti wà lórí tábìlì. Core i5-2400 ni sípíyù rẹ̀ (ọpọlọ ẹ̀rọ), RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) DDR3 2 GB méjì ló wà nínú rẹ̀, 1333 ni eré àwọn méjèèjì. Béèyàn bá ṣí Excel mọ́ Chrome, kó yáa lọ se tíì. Mo gbá eruku ọyẹ́ dànù, mo sì fi rọ́bà tí àwọn ọmọ fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ nu ẹsẹ̀ RAM náà títí ó fi dán.

Mọ́ńdè, ọjà ẹ̀rọ Banex. Tòkunbọ̀ 4 GB méjì ni mo rà. 1600 ni wọ́n, torí 1333 ti tán lọ́wọ́ ọmọ Ìlọrin tó tà á fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pò wọ́n pọ̀ o, wọ́n á jó bọ́ọ̀dù yín." Kò rí bẹ́ẹ̀. RAM kọ̀ọ̀kan ní ṣíìpù kékeré kan lára tí wọ́n kọ iye eré tó lè sá sí. Bí a bá ti tan ẹ̀rọ, BIOS (ètò tó kọ́kọ́ ń jí ẹ̀rọ) á kà á, á wá mú eré tí gbogbo wọn lè jùmọ̀ sá. Ẹni tó bá àgbà rìn á rọra gbé ẹsẹ̀: 1600 á di 1333. Kódà, i5-2400 fúnra rẹ̀, 1333 ni Intel fi mọ fún un. Ẹni tó bá fowó kún un nítorí 1600 fún irú ẹ̀rọ yìí, owó rẹ̀ ṣòfò.

Ohun tí mo tẹjú mọ́ ni pé kó jẹ́ DDR3, nítorí ibi tí wọ́n gé lára DDR4 (ìran tó tẹ̀lé e) yàtọ̀, kò lè wọlé. Ẹ tún sá fún ti sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń sin ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ), èyí tí R máa ń gbẹ̀yìn nọ́ńbà rẹ̀, bíi PC3-10600R.

Alẹ́. Ihò mẹ́rin ló wà. 4 GB méjì wọ ihò tí àwọ̀ wọn jọra, 2 GB méjì wọ ìyókù. Ọ̀nà méjèèjì tí sípíyù ń gbà dé ọ̀dọ̀ RAM wá ní 6 GB lọ́gbọọgba. Lójú tèmi, èyí ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ 1600 lọ. BIOS kọ 12 GB, 1333. Memtest86+ (ètò tó ń yẹ RAM wò) ń lọ lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná lọ. Mo tún un bẹ̀rẹ̀ lórí ìnfátà, kò rí àṣìṣe kankan.

Wẹ́sìdé. Ẹ̀gbọ́n yà wá wò ó, wọ́n rí 665 nínú CPU-Z (ètò tó ń fi ohun tó wà nínú ẹ̀rọ hàn). "Ṣé wọn ò lù ẹ́ ní jìbìtì báyìí?" Mo ní ẹ̀ẹ̀mejì ni DDR ń kó dátà nínú ìṣísẹ̀ kan, kí wọ́n sọ 665 di ìlọ́po méjì. Wíńdòsì wọn ló kù: 32-bit ni, kì í lò ju 4 GB lọ. Màá kó fáìlì wọn sí háàdì ìta, màá wá dráfà 64-bit (ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ bá pírińtà sọ̀rọ̀) fún pírińtà àtijọ́ yẹn, kí n tó pa Wíńdòsì 32-bit náà rẹ́, kí n sì fi 64-bit rọ́pò rẹ̀.