Ìpín Kékeré Tó Lè Da Fíìmù Rú

Ọjọ́ Ajé. Ìwé ìṣirò ló bo tábìlì, kámẹ́rà ò sí nítòsí. Bí iṣẹ́ olùgbéréjáde aládàáni, ìyẹn ẹni tó ń wá owó fíìmù láìsí iléeṣẹ́ ńlá lẹ́yìn rẹ̀, ṣe rí ní Yúróòpù nìyí: oṣù tó fi ń ṣe ìṣirò pọ̀ fíìfíì ju ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń ya fíìmù lọ.

Owó àdájọ ni. Ní ilẹ̀ Faransé, 10.72% owó tíkẹ́ẹ̀tì sinimá ń lọ sọ́dọ̀ CNC, àjọ ìjọba tó ń rí sí sinimá, ibẹ̀ ni ìrànwọ́ fíìmù ti ń wá. Kí fíìmù kan tó lè jẹ nínú ìkòkò orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ó sábà máa ń ní láti bá àdéhùn àjùmọ̀ṣe fíìmù ti Council of Europe (ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù) mu. Ti 1992 ní kí ìpín alájọṣe kọ̀ọ̀kan nínú ìnáwó fíìmù má dín ní 10%, kó má sì ju 70% lọ. Èyí tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí ní Rotterdam ní 2017, sọ ọ́ di 5% àti 80%. Ẹ kọ́kọ́ wo èyí tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní ìnáwó jẹ́ mílíọ̀nù 2 Yúrò, alájọṣe kẹta sì dá 100,000, ìyẹn 5% géérégé. Òjò dá iṣẹ́ dúró lọ́sẹ̀ kan, àwọn nǹkan mìíràn tún gbówó lé e, ìnáwó di 2,200,000. Ìpín yẹn ti di nǹkan bí 4.5%. Ìwé àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀, tí àwọn aláṣẹ fi gbà pé fíìmù náà jẹ́ àjùmọ̀ṣe, wo ètò ìnáwó. Ti ìparí ń wo ohun tí wọ́n ná gan-an, ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á ní kí wọ́n dá owó padà. Bí alájọṣe náà bá jẹ́ ará Pólándì, owó złoty ló ń ná. Tí złoty bá wálẹ̀, ìpín rẹ̀ á tún kéré sí i. 7% tàbí 8% ló dáa kéèyàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn àjọ tó ń ṣèrànwọ́ sábà máa ń di ìdá tó kẹ́yìn mú títí wọ́n á fi gba fíìmù, tí ayẹ̀wé-owó-wò á sì fọwọ́ sí i. Báǹkì ló ń fi owó dí àlàfo náà, pẹ̀lú èlé. Olùgbéréjáde tí kò bá kọ èlé àti owó lọ́yà sínú ètò ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀, owó iṣẹ́ ara rẹ̀ ni yóò fi san án. (Òun náà ló sábà máa ń gbowó kẹ́yìn.)

Àdéhùn tó fún olùgbéréjáde láǹfààní, fún àkókò kan, láti ra ìtàn náà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tún ń bẹ. Bí ó bá jẹ́ oṣù 18, wíwá owó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí iye tí wọn yóò san láti fi kún àkókò àdéhùn náà ti wà nínú ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí òǹkọ̀wé tó gbọ́ pé owó ti ń wọlé.